Òkúta Ẹ̀yìn Táyà

Bàámi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. Bí mo bá ní ẹ kú àárọ̀, ta ló mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú lọ́hùn-ún? Ẹ jẹ́ kí n ṣáà ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ yín obìnrin ni, èyí tí ẹ máa ń pè ní Lọ́yà torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹnu náà ṣì wà níbẹ̀ o. Ẹni tí n ó fi bá ṣe àríyànjiyàn ni kò sí mọ́.

Ìròyìn tí mo mú wá ni pé ìjàpá yín ti padà délé. Ìjàpá yín náà ni, mọ́tò kékeré aláwọ̀ ewé tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, èyí tí ẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò gùn ju ọwọ́ mi lọ, láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka. Ike ni wọ́n fi ṣe é, èmi ni mo sì tò ó, láti orí táyà títí dé orí irin tó ń nu ojò lójú gíláàsì. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná, kí n wá ro ẹjọ́ mi, torí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀rín.

Orí Màámi ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Iyè wọn ń ra. Díẹ̀díẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, tí a fi ń rò pé ọjọ́ ogbó lásán ni. Wọ́n á bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, wọ́n á tún bu iyọ̀ sí i. Wọ́n á fi orúkọ àbúrò wọn tó wà ní Ṣakí pè mí, èmi náà á sì jẹ́ ẹ, torí kí ni mo fẹ́ bá wọn jà sí? Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá dígí wọn kiri ilé nígbà tó wà lójú wọn. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní àìsàn ọpọlọ tó ń ṣe àwọn àgbà ni, pé kò sí oògùn tó lè dá ohun tó ti lọ padà, ká ṣáà máa mú sùúrù. Sùúrù! Bí ẹni pé wọ́n ń tà á ní kẹ́míìsì.

Ṣé ẹ rántí òkúta yẹn? Kí ni mo tiẹ̀ ń bi yín sí? Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo wa, ẹ ò lè gbàgbé òkúta yẹn. Ẹnu géètì wa ní Agbowó níbí dà gẹ̀rẹ́, bíréèkì ọwọ́ ìjàpá yín kò sì ṣiṣẹ́ rí lójú tèmi. Bí mo bá ní kí ẹ lọ tún un ṣe, ẹ ó ní kí lẹ fẹ́ fi bíréèkì ṣe nígbà tí ẹ ti fẹ́ ìyàwó. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí ẹ bá ti yọ ní ìkòríta, ẹ ó tẹ họ́ọ̀nù, gígùn kan, kúkúrú méjì. Ohun yòówù tó bá wà lọ́wọ́ Màámi, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Ọbẹ̀ ì báà máa jóná lórí iná, kò kàn wọ́n. Wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì gbé òkúta yẹn mọ́ àyà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kì í bọ ẹ̀yìn táyà. Ẹ̀yin á ti tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó máa wò wọ́n nínú dígí. Ẹ ó ní, "Ó ti há?" Wọ́n á ní, "Ó ti há." Ìgbà náà ni ẹ ó tó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó fọwọ́ gbá ìjàpá lórí pẹ́pẹ́, ẹ ó sì sọ fún un pé ó káre. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí gbogbo ọkọ ṣe ń wọlé nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú pátápátá, àwọn tó ń ra irin àlòkù wá fi okùn fà á lọ. Ẹ dúró sẹ́nu géètì ọjọ́ náà títí wọ́n fi yí kọ́nà. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i, ẹ̀yin náà lọ. Òkúta ṣẹ́kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó géètì. Kò sẹ́ni tó gbé e kúrò níbẹ̀. Èmi náà ò gbé e.

Bàámi, nígbà tí iyè Màámi wá ń ra, òkúta ni kò kúrò níbẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á gbé e, ó di ìkòríta. Wọ́n á dúró sétí títì, ojú wọn á máa wo ọ̀nà Ṣàngó. Bí èèyàn bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá wọn ń bọ̀. Àbí ẹ ò gbọ́ họ́ọ̀nù ni?" Lọ́jọ́ kan wọ́n ki òkúta náà bọ ẹ̀yìn táyà takisí tó dúró já èrò. Awakọ̀ náà fẹ́ fà sẹ́yìn, mọ́tò kọ̀. Èébú tó bú wọn lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n pàdé ẹ̀ láyé mi. Lọ́jọ́ mìíràn, ọlọ́kadà kan ń sáré bọ̀, díẹ̀ ló kù kó gbé wọn. Bàtà wọn ẹyọ kan ni wọ́n bá nínú gọ́tà. Ìyá aránṣọ tó wà ní ìkòríta ló dì wọ́n lọ́wọ́ mú wálé, ó sì dúró dè mí títí mo fi dé láti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé ìgbà tí wọ́n bá gbé ìyá ẹ wálé nínú aṣọ ni wàá tó wá nǹkan ṣe?"

Kí ni n ò tí ì ṣe? Mo gbé òkúta pamọ́, wọ́n lọ gbé búlọ́ọ̀kù tó wúwo jù ú lọ. Mo dá òkúta padà kíá, kí búlọ́ọ̀kù má bàa dá wọn lẹ́yìn. Mo wá ní kí n sọ òótọ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní Màámi, Bàámi ti kú. Áà! Bàámi, wọ́n ṣe é bí ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Wọ́n ju ara wọn sílẹ̀, wọ́n ń bi mí pé nígbà wo, níbo, ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n sunkún sùn. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbàgbé ikú, wọn ò gbàgbé òkúta. Mo tún sọ fún wọn. Wọ́n tún sunkún. Mo ṣe é títí ó fi sú mi, torí ó wá dà bíi pé èmi ni mò ń pa yín lójú wọn, tí mò ń pa yín, tí mò tún ń pa yín.

Díran ọmọ yín ọkùnrin wálé láti Àbújá, ó rí i fúnra rẹ̀. Ó lọ ra àgádágodo ńlá kan, ó ní bí mo bá ti ń lọ ṣọ́ọ̀bù kí n máa ti géètì irin ẹnu ọ̀nà mọ́ wọn. Mo ní ìyá mi kì í ṣe ewúrẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn sàn ju ìyá tó wà lábẹ́ mọ́tò." Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ọmọ tí ẹ ní kò lè sọ̀rọ̀ yẹn! Kì í ṣe ìkà, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó gbé àgádágodo náà kọ́ sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn tòun ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ní tí òun bá dé ní Kérésì tí Màámi bá ṣì ń lọ sí ìkòríta, òun fúnra òun ni òun máa tì í. Lójoojúmọ́ tí mo bá ń jáde, mo máa ń rí àgádágodo yẹn lórí ìṣó, á sì dà bíi pé ọrùn mi ni wọ́n gbé e kọ́.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí mo fi lọ sí Ṣálẹ́ńjì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù tòkunbọ̀, mo ń wá fáànù tábìlì fún ṣọ́ọ̀bù. Mo rí páálí kan lábẹ́ àwọn ìkòkò, etí rẹ̀ ti ya, àwòrán ìjàpá sì wà lójú rẹ̀. Obìnrin tó ń tà á ò fẹ́ kí n kábàámọ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ má rà á o. Ọmọ mọ́tò ìṣeré ni, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́." Mo ṣí i. Kò fọ́. Ńṣe ni wọn ò tí ì tò ó. Gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ funfun báláú, wọ́n so mọ́ igi ike tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, ìjókòó, sítíárì, ẹ́ńjìnnì tí kò ju ẹ̀wà lọ, táyà rọ́bà mẹ́rin. Ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ jẹ́ èdè tí mi ò gbọ́, àmọ́ àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí èrò yẹn fi wá sí mi lọ́kàn. Bí Màámi bá rí i pé mọ́tò ti délé, kí ni wọ́n tún máa lọ pàdé ní ìkòríta? Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ hàn wọ́n rí, wọ́n ní mọ́tò náà dára, pé ti ta ni? Fọ́tò kì í ṣe mọ́tò. Èyí tí wọ́n lè fọwọ́ kàn ni mo fẹ́.

Ẹ mọ̀ pé èékánná ni mò ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí n ṣe lọ́yà, ẹ bínú fún ọdún kan gbáko, lẹ́yìn náà ẹ wá ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ yín ń kun ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ó wá wúlò o, Bàámi. Fáìlì tí mo fi ń rá èékánná ni mo fi rá etí ike. Ẹ̀mú tí mo fi ń lẹ irun ìpéǹpéjú ni mo fi mú àwọn iná rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń ya òdòdó sórí àtàǹpàkò àwọn ọmọ oge ni mo fi kọ nọ́ńbà mọ́tò yín, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí orí abẹ́rẹ́. Mò ń ṣe é láàárín oníbàárà kan sí ìkejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, wọ́n á ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti di mẹkáníìkì ni?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n gbé ọwọ́ wọn wá kí n tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń kánjú ṣe. Èèyàn á gé ẹ̀yà kan kúrò, á rá ibi tí wọ́n ti gé e, á kọ́kọ́ gbé e síbi tó yẹ kó wà láìfi gọ́ọ̀mù sí i, á wò ó, á yọ ọ́, á tún rá a. Bí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ tán, àbámọ̀ ló kù. Gọ́ọ̀mù èékánná tí mo lò ló jẹ́ kí gíláàsì ẹ̀yìn rí bàìbàì bíi ti ìgbà ọyẹ́. Mo bú ara mi dáadáa, kí n tó rántí pé bí tiyín ṣe rí gan-an nìyẹn, pé Màámi máa ń ní ẹ ò rí ẹ̀yìn, ẹ ó sì ní ẹ̀yìn kọ́ ni ẹ ń lọ.

Àwọ̀ ló dà mí láàmú jù. Nínú fọ́tò, ó ti ṣá. Díran ní ó dà bí ewé ọsàn, èmi ní ó dà bí ìgò bíà, à ń jà lórí fóònù. Ẹ̀yin ì bá wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ là wá. Ìgbà tí mo ń ti géètì lọ́jọ́ kan ni mo rántí pé ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nígbà tí ẹ kun géètì yìí ni ẹ fi kun ìjàpá, tí gbogbo àdúgbò fi ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé géètì ń rìn. Wọ́n ti kun géètì náà láwọ̀ mìíràn lẹ́yìn tí ẹ lọ. Mo fi ọ̀bẹ ha á. Àwọ̀ ewé wà lábẹ́ dúdú. Bàámi, mo dúró síbẹ̀ mo sunkún bí ọmọdé. Mo po kútẹ́ẹ̀sì yẹ́lò mọ́ búlúù, mo ń fi dúdú kán an, mo ń gbé e lọ síbi tí mo ha yẹn, mo tún ń gbé e bọ̀, títí mi ò fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ mọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Kútẹ́ẹ̀sì dà sí madigáàdì ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ó dì pọ̀ síbẹ̀. Láì ronú, mo fa ásítóònù, omi tó ń bó kútẹ́ẹ̀sì, yọ, mo fi òwú nù ún, bí mo ṣe ń ṣe sí ọwọ́ oníbàárà. Yéè! Ásítóònù kò mọ̀ pé ike kì í ṣe èékánná. Ibẹ̀ yọ́, ó wọnú, ó hunjọ. Mo fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ sọ sí pàǹtí. Mo wá wò ó dáadáa. Bàámi, ṣé ẹ rántí ìgbà tí Màámi lọ sìnkú ní Ṣakí, tí ẹ dé nírọ̀lẹ́ tí kò sẹ́ni tó gbé òkúta jáde? Ẹ pa ẹ́ńjìnnì bí ìṣe yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ìjàpá rọra yí padà sẹ́yìn, ó lọ fi madigáàdì ọ̀tún gbá ògiri iwájú ilé. Ẹ dúró, ẹ fọwọ́ mú ìbàdí, ẹ ní ẹni tó ń há yín mọ́lẹ̀ kò sí nílé. Ẹ ò tún ibẹ̀ ṣe títí mọ́tò náà fi lọ. Ibẹ̀ náà ni ásítóònù jẹ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gé bíńtín lára ìró Màámi àtijọ́, èyí tí ẹ fi rán aṣọ ìjókòó, mo fi bo ìjókòó méjèèjì. Mo fi bándéèjì ṣe áńkáṣíìfù funfun tí ẹ máa ń gbé kọ́ sítíárì. Mo po erùpẹ̀ pupa iwájú ilé wa mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi kun abẹ́ rẹ̀, torí ìjàpá yín kò mọ́ rí láyé. Nígbà tí mo parí, mo gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, mo wò ó yíká. Kò sí ohun tí mo gbàgbé. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo gbé e sórí tábìlì. Màámi ti ń wá bàtà wọn láti lọ gbé òkúta. Mo sá sẹ́yìn kọ́tìnì, mo fi ẹnu ṣe họ́ọ̀nù yín, gígùn kan, kúkúrú méjì. Wọ́n yíjú padà. Wọ́n rí i. Wọn ò bi mí pé ti ta ni. Wọ́n wá, wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n na ìka kan, wọ́n fi kan madigáàdì ọ̀tún níbi tó ti wọnú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò tí ì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí ẹ lọ. Wọ́n ní, "Ibi tó ti gbá ògiri." Lẹ́yìn náà wọ́n jáde. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọn ò dé ibi géètì. Ìdí ìbẹ́pẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣa òkúta wẹ́rẹ́ kan tí kò ju hóró àgbàdo lọ, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n rọra kì í bọ ẹ̀yìn táyà ìjàpá. Wọ́n ní, "Ó ti há."

Wọ́n wá dúró. Wọ́n ń retí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń retí, àfi ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n yọjú wo inú rẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n wo ìjókòó awakọ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn. Wọ́n gbójú sókè wò mí. "Bàbá wọn dà?"

Bàámi, mi ò ronú kan ibẹ̀ rárá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń rá ike, tí mo fi ń po àwọ̀, mọ́tò ni mò ń rò. Kò sí èèyàn nínú páálí yẹn, mi ò sì bi ara mi pé ṣé ó yẹ kí èèyàn wà níbẹ̀. Mọ́tò kọ́ ni ìyá mi ń lọ pàdé ní ìkòríta. Wọ́n ṣì ń wò mí. Mi ò lè tún pa yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní, "Wọ́n ti wọlé, Màámi. Wọ́n ti lọ sùn." Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Á ti rẹ̀ wọ́n. Má pariwo." Wọ́n sì yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò lọ sí ìkòríta mọ́. Kò yé mi títí dòní, ṣùgbọ́n wọn ò lọ. Bí ìrọ̀lẹ́ bá tó, wọ́n á wo ìjàpá, wọ́n á fọwọ́ ti òkúta wẹ́rẹ́ náà dáadáa, wọ́n á jókòó. Mo pe Díran, mo yangàn títí ó fi ní kí n jọ̀ọ́, òun ti gbà. Ìyá aránṣọ ní Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà òun. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Àmọ́ ilé wa ti dákẹ́. Màámi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ torí pé ẹ ń sùn. Wọ́n ń bo oúnjẹ yín pa mọ́, èmi ni mo ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, kí wọ́n lè rí i pé abọ́ ti ṣófo. Èmi tí mo bu erùpẹ̀ sórí pósí yín, mò ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá lẹ́nu yàrá yín. Bí ẹ bá tiẹ̀ ń sùn níbẹ̀ lóòótọ́, ṣé ẹ máa ń gbọ́ mi?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ohun tó mú mi kọ̀wé yìí ṣẹlẹ̀. Mo dé láti ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo bá géètì irin ẹnu ọ̀nà ní títì. Àgádágodo Díran ni. Màámi ti mú un lórí ìṣó, wọ́n ti fi tì í láti inú. Mo kan irin. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Ìwọ ta?" Mo dárúkọ ara mi. Wọ́n tún orúkọ náà pè bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò. Wọ́n wá ní, "A ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Gbogbo ará ilé ti wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá lọ́la, ọkọ mi ń sùn."

Ẹ gbọ́, Bàámi. Gbogbo ará ilé ti wọlé.

Mo mọ ohun tó lè ṣí géètì yẹn wéré. Gígùn kan, kúkúrú méjì. Mo ti ká ẹnu mi jọ. Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á mọ̀ pé ẹ ò tí ì dé, pé ẹ ṣì wà lọ́nà, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n á gbé òkúta, ó di ìkòríta. Mo pa ẹnu mi dé. Mo jókòó sórí òkúta ńlá yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó géètì, báàgì mi lórí itan, mò ń wo iná pálọ̀ wa láti ìta. Ìyá aránṣọ ló wá bá mi níbẹ̀ tó bá mi pè wọ́n, òun ni wọ́n mọ̀, òun ni wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún. Wọ́n fún mi lómi mu. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n jọ̀ọ́ kí n rọra máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ń kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àwọn àlejò láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n pè mí ní ọmọ mi, wọ́n ní kí ló dé tí ojú mi wú. Ó ti tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Mo lè gbé àgádágodo náà sọ nù, mi ò tí ì sọ ọ́ nù. Bó bá wà lára géètì láti inú, mo mọ̀ pé Màámi wà nínú ilé. Wọ́n ní bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Ohun tí mo rí nìyí: mo wá ọ̀nà láti mú yín wọlé, ẹ ti wọlé, kò wá sí àyè fún mi mọ́.

N ò bínú sí yín. Ilé yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ mọ ẹjọ́ mi, ẹ̀yin nìkan náà ni Màámi sì ń gbọ́ tiyín. Màá ti ṣọ́ọ̀bù dé nírọ̀lẹ́ òní. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń kan irin, ẹ jọ̀ọ́, Bàámi, ẹ jí díẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ó ku ẹnì kan níta, pé ọmọ wọn ni.

Èmi ni,
Lọ́yà yín, lẹ́nu géètì.